Eré Họ́kì Tọ́ sí Ọmọ Àgbẹ̀ Pẹ̀lú

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Akotogbo, ilẹ̀ Ìkálẹ̀)



Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń bi ara wọn pé, kí ni ó kan àgbẹ̀ nínú eré? Ẹ̀gẹ́ wà ní ilẹ̀ tí a kò tíì hú, ẹyìn wà lórí ọ̀pẹ tí a kò tíì kọ, ẹnì kan sì dúró níwájú wa ó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti ọ̀pá. Ìbéèrè náà tọ́, n ó sì dáhùn rẹ̀ kí n tó jókòó.

Ohun tí a ń gbèrò ni pé kí a máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ní eré họ́kì, ní ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀, fún wákàtí 1 lẹ́ẹ̀kan, lábẹ́ ojú olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n. Fún ẹni tí kò bá tíì rí i rí: ẹgbẹ́ 2 ni ó ń ṣe é, ènìyàn 11 sì ni ó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù mú ọ̀pá tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́ dání, bí irú igi tí a fi ń fa koríko mọ́ra nígbà tí a bá ń fi àdá ṣánko. Bọ́ọ̀lù kékeré líle kan ni wọ́n ń fi ọ̀pá wọ̀nyí gbá lórí ilẹ̀ títí yóò fi wọ ilé ẹgbẹ́ kejì. Ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kan bọ́ọ̀lù náà, àfi ti aṣọ́lé nìkan; ẹ̀yìn ọ̀pá kò sì gbọdọ̀ kàn án, ojú rẹ̀ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ nìkan ni a lè fi gbá a. Nítorí náà kì í ṣe eré agbára lásán. Ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ọgbọ́n ni ó jọ ń ṣiṣẹ́, ẹni tí kò bá sì lè fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ ní àsìkò kì yóò rí ire nínú rẹ̀.

Ẹ má ṣe gbà pé ohun àjèjì pátápátá ni fífi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù jẹ́ ní Áfíríkà. Ní Íjíbítì, nínú ibojì kan ní Beni Hasan tí ó ti tó nǹkan bí ọdún 4,000, àwòrán ènìyàn 2 wà tí wọ́n di ọ̀pá títẹ̀ mú, tí wọ́n sì dojú kọ ara wọn lórí ohun róbótó kan. Àwọn ará Etiópíà náà ní eré ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní Genna, èyí tí wọ́n ń ṣe ní ìgbà Kérésìmesì wọn. Ṣùgbọ́n họ́kì tí ó ní òfin bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí, láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ wa, inú àwọn ilé-ìwé gíga díẹ̀ ni ó fìdí kalẹ̀ sí, irú bí King's College ní Èkó àti Government College ní Ìbàdàn. Ọmọ tí kò bá dé irú ibẹ̀ kì í sábà rí ọ̀pá họ́kì sójú.

Ní ọjọ́ 17 oṣù January 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ tí ó lé ní 800,000 ni ó sì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà. Láti ìgbà náà ni ìwé ti kúrò ní ohun tí ọmọ olówó nìkan lè ní. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn kíláàsì ni a ṣí. Ìlẹ̀kùn pápá kò tíì ṣí tán. Ohun tí mo wá sọ kò ju èyí lọ: ẹ̀kọ́ eré tọ́ sí ọmọ àgbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé ti tọ́ sí i, àwa fúnra wa sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Íńdíà, tí Gẹ̀ẹ́sì jọba lé lórí bí ó ti jọba lé wa lórí. Ní 1928, ní Amsterdam, àwọn ará Íńdíà gba wúrà họ́kì nínú Òlíńpíìkì. Ẹni tí ó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ náà ni Jaipal Singh, ọmọ ẹ̀yà Munda, àwọn àgbẹ̀ inú igbó tí àwọn ará ìlú ńlá kò kà sí. Lẹ́yìn náà ni ó di agbẹnusọ àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ tí ó kọ òfin orílẹ̀-èdè wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù August 1948, nígbà tí ó ku ọjọ́ 3 kí òmìnira Íńdíà pé ọdún 1, wọ́n pàdé ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù gan-an, wọ́n sì fi àmì ayò 4 sí òdo nà wọ́n. Ẹni tí ó kọ́ wọn ní eré ni wọ́n fi eré náà borí.

Títí di òní olónìí, ní agbègbè tí Jaipal Singh ti wá àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká, àwọn ọmọdé ń fi igi ọparun ṣe họ́kì lórí ilẹ̀ pupa. Ewúrẹ́ ni ẹ̀bùn ìdíje wọn. Ẹgbẹ́ tí ó bá borí ni yóò fà á lọ sílé. Láti irú abúlé bẹ́ẹ̀, ní Simdega, ni Salima Tete ti wá, ọmọbìnrin àgbẹ̀ tí wọ́n fi ṣe balógun ẹgbẹ́ obìnrin Íńdíà ní 2024. Ṣé ẹ̀yin ará Ìkálẹ̀ yóò wí fún mi pé ilẹ̀ pupa, igi àti ewúrẹ́ wọ́n wa ní Akotogbo?

Ṣùgbọ́n ìtàn kejì tún wà tí ó yẹ kí a fi kọ́gbọ́n. Ní 1980, ní Moscow, ni àwọn obìnrin kọ́kọ́ ṣe họ́kì nínú Òlíńpíìkì. Sìmbábúè, orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, ni ó gba wúrà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọbìnrin dúdú kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ náà. Kì í ṣe pé ọmọ dúdú kò lè sáré, tàbí pé kò ní ojú. Ilé-ìwé àwọn aláwọ̀ funfun ni pápá wà, ọwọ́ wọn ni ọ̀pá sì wà. Ọ̀dọ̀ ẹni tí irinṣẹ́ bá wà ni iyì ń lọ.

Àní àwọn ará Íńdíà pàápàá jẹ nínú ìyà yìí. Ní 1976, ní Montreal, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe họ́kì Òlíńpíìkì lórí koríko àtọwọ́dá, tí ó wọ́n púpọ̀ tí ó sì ń fẹ́ omi àti ìtọ́jú. Ipò 7 ni àwọn tí ó ti gba wúrà ní ìgbà 7 ṣáájú bọ́ sí. Bí a bá ní dandan ni kí a ní irú pápá bẹ́ẹ̀ kí ọmọ wa tó di ọ̀pá mú, a ó dúró títí.

A kò nílò láti dúró. Irú họ́kì kan wà nísinsìnyí tí ènìyàn 5 péré ń ṣe ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, lórí pápá tí kò ju nǹkan bí ìdajì ti àtijọ́ lọ. Ní January 2024, nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Muscat, ní ilẹ̀ Oman, ẹgbẹ́ ọkùnrin Nàìjíríà wà lára àwọn 16 tí ó kópa. Eré ẹlẹ́ni 5 yìí ni ó bá agbára wa mu. Ọ̀pá 10 ni yóò jẹ́ kí ẹgbẹ́ 2 ṣeré. Bí àwọn wọ̀nyí bá sinmi, àwọn mìíràn yóò gba ọ̀pá lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí a ó ṣe. Èkíní, kí a ro pápá ilé-ìwé, kí a ṣa òkúta àti kùkùté inú rẹ̀ kúrò, nítorí bọ́ọ̀lù kì í yí lórí ilẹ̀ gbágungbàgun. Èkejì, kí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa gbẹ́ ọ̀pá tí kò ga ju ìbàdí ọmọ lọ, kí wọ́n sì fi gíláàsì tàbí pépà yanrìn dán an kí ó má baà ha wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, kí ó jẹ́ bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ni àwọn kékeré yóò fi bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù líle yóò dúró di ìgbà tí wọ́n bá gbọ́n sí i, tí a sì ti rí ìbòjúgun àti ìbòyín rà fún wọn. Ẹ̀kẹrin, kí ó jẹ́ olùkọ́ 2 ni yóò lọ kọ́ iṣẹ́ náà, kì í ṣe 1, nítorí bí wọ́n bá gbé ẹnì kan lọ sí ìlú mìíràn, ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ bá a lọ. Ẹ̀karùn-ún, kí ọ̀pá jẹ́ ti ilé-ìwé, kí a kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, kí a sì máa kà á ní ìparí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí a tún kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Irele pé a ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n wá kún wa lọ́wọ́. Ẹni tí ó ti gbé ẹrù dé orúnkún ni a ń bá sọ ọ́.

Ẹ ó wí pé eré yìí léwu. Òótọ́ ni, bí a kò bá fi òfin ṣe é. Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ tí ọmọ yóò kọ́ ni pé ọ̀pá kò gbọdọ̀ ga ju ìbàdí lọ. Òfin kejì ni pé bí fèrè réfírì bá ti dún, kí gbogbo ọ̀pá wálẹ̀. Ọmọ tí ó bá ṣẹ̀ yóò jáde, ìbáà ṣe ọmọ ìjòyè.

Ẹ ó wí pé ta ni yóò ràn yín lọ́wọ́ lóko. Kí ọjọ́ eré má ṣe bọ́ sí ọjọ́ ọjà, kí a sì dín in kù ní àsìkò gbígbìn àti ìkórè. Wákàtí 2 lọ́sẹ̀ kò lè sọ oko di igbó.

Ẹ ó wí pé kí àwọn obìnrin jókòó ti ìyá wọn. Èyí ni n kò ní gbà. Ọmọbìnrin tí ó lè ru agbọ̀n ẹ̀gẹ́ láti oko wálé lè sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù. Kí ìdajì àwọn tí a ó kọ́ jẹ́ obìnrin.

Mo ti ṣèlérí pé n ó dáhùn ìbéèrè yín. N kò wí pé gbogbo ọmọ Akotogbo ni yóò dé Òlíńpíìkì. Bóyá ẹnì kan kì yóò dé ibẹ̀. Ohun tí ó kan àgbẹ̀ nínú eré ni pé ọmọ tí ó ti kékeré mọ bí a ti ń fi bọ́ọ̀lù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tí ó mọ bí a ti ń gba ìdájọ́ réfírì láìbínú, tí a bá borí rẹ̀ tí kò jà, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni yóò lè dúró nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti nínú ìgbìmọ̀ ìlú lọ́la. Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí a bá sì ní ọmọ kan láàárín wọn tí Ọlọ́run fi ẹ̀bùn yìí fún, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kú sí i lọ́wọ́ nítorí pé kò rí ọ̀pá dì mú.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ọmọ ti ṣe tán láti sáré. Ilẹ̀ ríro, igi gbígbẹ́ àti ewúrẹ́ ẹ̀bùn àkọ́kọ́ ni ó kù sí wa lọ́wọ́. Ta ni yóò fi ewúrẹ́ náà sílẹ̀? Kí ó nàró, kí akọ̀wé kọ orúkọ rẹ̀.

 Kí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ó gbèrú.