Igba Ojú Dà? Ìgbà Èwe ní Èjìgbò Lónìí



Àwọn àgbà ní ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé igba ojú náà ti dín kù, àwa la sì lè dá a padà.

Ní 1960, òpìtàn ọmọ ilẹ̀ Faransé, Philippe Ariès, kọ̀wé pé kò tíì pẹ́ tí àwọn ará Yúróòpù ya ayé ọmọdé sọ́tọ̀ kúrò nínú ayé àgbà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ̀ pé àwùjọ ló ń pinnu bí ìgbà èwe ṣe máa rí. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, onímọ̀ nípa àwùjọ Yorùbá, N. A. Fádípẹ̀, nínú iṣẹ́ tó fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, ṣàlàyé agbo ilé tí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n àti ìbátan ti jọ ń tọ́ ọmọ.

Ilé ẹ̀kọ́ yí irú ìgbà èwe bẹ́ẹ̀ padà. Ní oṣù kìíní 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Èjìgbò tiwa ní Èkó wà lára agbègbè náà, torí a kò tíì dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ títí di 1967. Ọmọ tó ń báni roko di ọmọ iléèwé, ẹni tí à ń náwó lé lórí. Onímọ̀ nípa àwùjọ, Viviana Zelizer, ṣàkíyèsí irú àyípadà yìí ní Amẹ́ríkà nínú ìwé rẹ̀ ti 1985: bí ọmọ ṣe ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́ owó, bẹ́ẹ̀ ló ń di ẹni tí a kò lè díye lé.

Àmọ́ ní Èjìgbò, oríṣi ọmọ méjèèjì ló wà ládùúgbò kan náà. Ọ̀kan dé láti lẹ́sìnnì, wọ́n ti géètì mọ́ ọn, fóònù nìkan ni alábàárìn rẹ̀. Èkejì ń kiri omi nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, bẹ́ẹ̀ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó gbà wọlé ní 2007, ka irú ìkiri bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ìyà wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló jẹ wọ́n níyà: kò sí àgbà àdúgbò tó mọ orúkọ wọn, tó sì lè béèrè pé, “Ṣé o ti jẹun? Kí ló dé tí o kò lọ síléèwé?”

N kò sọ pé ká padà sí àtijọ́. Pàṣán pọ̀ nínú agbo ilé, a kì í sì í gbọ́ tẹnu ọmọ. Ìmójútó àwọn aládùúgbò ni ká gbà padà, ká fi pàṣán sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé, ẹ ya ilẹ̀ eré sọ́tọ̀ kí ẹ tó ta èyí tó kù. Ẹ̀yin aṣáájú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ẹ ṣí ọgbà yín fún àwọn ọmọ nírọ̀lẹ́, kí àgbàlagbà tí ẹ fọkàn tán sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí aládùúgbò bá fi pẹ̀lẹ́ bá ọmọ yín wí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ọmọ tó ń kiri lákòókò iléèwé, ẹ wá òbí rẹ̀ lọ, kí ẹ bi í pé kí ni a lè ṣe.