Àpò Ta Ni Owó Náà Yóò ti Jáde? Ìjiyàn lórí Owó Orí àti Ìdínkù Ìnáwó Ìjọba ní Ilẹ̀ Àkókó

Nígbà tí owó tó ń wọ àpò ìjọba kò bá tó èyí tó ń jáde níbẹ̀, ọ̀nà méjì ni àwọn olóṣèlú sábà máa ń jiyàn lé lórí: àwọn kan á ní kí wọ́n bu owó kún owó orí tí ará ìlú ń san, àwọn mìíràn á ní kí ìjọba ṣọ́ owó ná. Ọ̀nà kẹta, ìyẹn owó yíyá, kò dáhùn ìjiyàn náà rárá, nítorí pé ìjọba tó yáwó lónìí kàn ti ọ̀rọ̀ náà síwájú ni, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè wá jiyàn kan náà tòun ti èlé. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé, ní agbègbè bíi Àkókó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀nà méjì àkọ́kọ́ yìí kò jìnnà síra tó bí àwọn tó ń jiyàn ṣe rò. Bí ìjọba bá gé ìnáwó lórí ohun tí ará ìlú kò lè ṣe aláìní, ará ìlú náà ni yóò fi owó ara rẹ̀ ṣe é, owó tó bá sì ná síbẹ̀ jẹ́ owó orí tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kankan kò fọwọ́ sí, tí ìwé ìṣirò kankan kò sì kà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya oríṣi owó orí sọ́tọ̀. Owó orí ojúkorojú ni èyí tí ẹni tó san án mọ̀ dájú pé òun san án, irú èyí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù olùkọ́, tàbí èyí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkùnrin kọ̀ọ̀kan láyé ìjọba òyìnbó. Owó orí abẹ́lẹ̀ ni èyí tó fara pamọ́ sínú iye ọjà, tí ẹni tó ra páànù tàbí ọṣẹ ìfọṣọ yóò ti san kí ó tó kúrò ní ìsọ̀. Ẹ̀kẹta wà tí a kì í pè ní owó orí rárá, àwọn àgbẹ̀ kòkó Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ sì mọ̀ ọ́n dáadáa: láti 1947 títí di 1986 tí ìjọba fòpin sí àwọn àjọ tó ń ra irè oko, iye tí wọ́n ń fún àgbẹ̀ lórí kòkó sábà máa ń kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun, èrè tó kù a sì di owó ìjọba. Àgbẹ̀ tó bá ní òun kò san ju ṣílè díẹ̀ lọ lọ́dún kò parọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó mọ̀ nìkan ni ó kà.

Àpẹẹrẹ tó yẹ kí a dúró lé lórí jù lọ ṣẹlẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn láàárín 1952 sí 1956. Michael Adékúnlé Ajáṣin, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Imade College ní Ọ̀wọ̀, ló kọ àbá ètò ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group tẹ́wọ́ gbà. Ní 1952, S. O. Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé e wá síwájú ilé ìgbìmọ̀ ẹkùn náà pé kí gbogbo ọmọ máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ ní owó tirẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kò tó, olùkọ́ kò tó, àpò ẹkùn náà kò sì lè gbé e láìjẹ́ pé wọ́n wá owó kún un, nítorí náà ni ìjọba Action Group tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe olórí rẹ̀ ṣe bu owó orí tuntun lé àwọn asanwó-orí, ṣílè 10 àti sísì kan fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ariwo ta. Àwọn alátakò ní ọ̀fẹ́ wo ni ó ń gba ṣílè mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni, ẹgbẹ́ alátakò NCNC gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ojúde àti ọjà, owó orí yìí sì wà lára ohun tó bí àwọn ènìyàn nínú ní agbègbè Ọ̀yọ́. Nígbà tí ìdìbò ìjọba àpapọ̀ dé ní 1954, NCNC ló gba ìjókòó tó pọ̀ jù ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ imú àwọn tó ń ṣèjọba níbẹ̀.

Ìjọba mìíràn ìbá ti yí padà, kí ó gé ètò náà sí ìdajì, kí ó sì sọ fún ará ìlú pé ohùn wọn ni òun gbọ́. Èyí kò yí padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432 ní 1955. Ní 1956, nígbà tí wọ́n tún dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ ẹkùn, Action Group ló borí. Kò ṣeé sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ló mú kí wọ́n borí, nítorí ìdí púpọ̀ ló máa ń wà nínú ìdìbò. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn tó bínú sí ṣílè mẹ́wàá àti sísì ní 1954 ti rí ohun tí owó náà rà kí wọ́n tó tún dìbò, ọmọ wọn sì ń gbé síléètì bọ̀ nílé lójoojúmọ́. Ohun tí àwọn òpìtàn máa ń yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìran ọjọ́ iwájú tí Awólọ́wọ̀ ní. Ohun tó tún yẹ kí a yìn, tí a kì í sì í sábà mẹ́nu bà, ni pé ìjọba náà sọ iye tí yóò náni ní gbangba kí ó tó gbà á.

Ìṣọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tí a ń pè ní Àgbẹ̀kọ̀yà, ti 1968 sí 1969, ni òdìkejì èyí. Owó orí pọ̀ sí i, onírúurú owó kéékèèké tún wà lórí rẹ̀, ọ̀nà oko kò dára, owó kòkó kò tẹ́ àgbẹ̀ lọ́rùn, ìwà àwọn agbowó-orí sì burú. Ìjà náà kò parí títí Awólọ́wọ̀ fi bá Táfá Adéoyè, olórí àwọn àgbẹ̀, sọ̀rọ̀, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sì gbà láti dín owó orí náà kù sí £2. Ní kúkúrú, owó tí àgbẹ̀ kò rí ohun tó rà ni ó kọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni owó epo rọ̀bì dé, tí ìjiyàn náà sì sùn fún ọdún púpọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ ń retí owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín lóṣooṣù, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yọ ará ìlú lẹ́nu fún owó orí; ará ìlú náà, nítorí pé kò mọ̀ pé owó òun ni, kò yọ wọ́n lẹ́nu fún ìṣirò. Oorun yìí dùn fún tọ̀túntòsì.

Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 ni ó tú wọn jí. Lọ́jọ́ náà, nínú ọ̀rọ̀ ìbúra wọlé rẹ̀, Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti dópin. Owó ìrànwọ́ orí epo ni owó tí ìjọba ń san kí lítà epo má baà wọ́n tó iye tí wọ́n rà á gan-an. Nínú ìwé ìṣúná, ìdínkù ìnáwó ni èyí, kì í ṣe owó orí. Ó sì ní ìdí tó lágbára, nítorí pé owó náà ti ń jẹ ohun tí a lè fi kọ́ ilé ìwòsàn, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń fi epo náà ṣòwò kọjá ẹnubodè. Ṣùgbọ́n ojú wo ni a fi wò ó ní Àkókó? Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà bẹntiróò tó wà lábẹ́ ₦200 kọjá ₦500, nígbà tí ọdún 2024 sì ń lọ sópin ó ti lé ní ₦1,000 ní ibi púpọ̀. Owó ọkọ̀ láti Àjọwá sí Ìkàrẹ́ gòkè, owó tí wọ́n fi ń kó iṣu àti gàrí lọ sí Èkó gòkè, onígbàjámọ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ rí i pé èrè òun ti wọ inú táńkì. Ẹni tó bá ní kò sí owó orí tuntun ní ọdún náà yóò rí ìwé tó ti í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò ní rí ọmọ ọjà Ìkàrẹ́ kan tó máa gbà fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù ni ti àwọn ìnáwó tí ìjọba kò tilẹ̀ kéde pé òun gé, tó kàn dẹ́kun láti máa ná. Ẹ jẹ́ kí a fi Àjọwá ṣe àpẹẹrẹ: ìlú tí àwọn ìletò mélòó kan para pọ̀ dá sílẹ̀ láwọn ọdún 1950 ni, ìpapọ̀ yẹn sì ní ìṣirò tirẹ̀: ìlú kan tó tóbi rọrùn fún ìjọba láti la ọ̀nà àti láti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí ju ìletò kéékèèké lọ. Àdéhùn tí kò sí nínú ìwé ni pé àwọn yóò sún mọ́ra, ìjọba náà yóò sì ṣe tirẹ̀. Lónìí, káàkiri Àkókó, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló ń dá owó tíránsífọ́mà tó bá jóná, àdúgbò ló ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ìlú ló ń bọ́ àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ oru, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ló sì ń san owó olùkọ́ tí ìjọba kò gbà síṣẹ́. Ní 2018, nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ fò sókè ní yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ Ajáṣin ní Àkùngbá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde láti fẹ̀hónú hàn. Èyí náà, ìdínkù ohun tí ìjọba ń gbé ni, tó di owó tí òbí ń san. Gbogbo owó ìdá wọ̀nyí kò sí nínú ìṣirò ẹni tó ń sọ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà kì í san owó orí tó. Wọ́n ń san án lẹ́ẹ̀mejì nígbà mìíràn, opó tó ń ta ata sì sábà máa ń san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó kọ́ ilé alájà.

Ìdínkù tó yẹ kí ó ti ṣẹlẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Ní 2011 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan gbé ìgbìmọ̀ Stephen Oronsaye kalẹ̀ láti yẹ àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ wò. Ní 2012 ìgbìmọ̀ náà dábàá pé kí àwọn àjọ tí òfin dá sílẹ̀ dín kù láti 263 sí 161. Ààrẹ mẹ́ta ni àbọ̀ ìwádìí yìí ti kọjá lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù Kejì 2024 ni ìjọba Tinúbú tún pàṣẹ pé kí wọ́n mú un ṣẹ, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń dá àjọ tuntun sílẹ̀. Ó hàn gbangba pé àjọ tó ní alága àti ọkọ̀ ṣòroó gé ju oògùn ibà tó yẹ kó wà ní ilé ìwòsàn ìgbèríko lọ, nítorí pé alága ní ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀ ní Àbújá.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ agbègbè yìí, Táíwò Oyèdélé tí í ṣe ọmọ Ìkáràm, ni Ààrẹ fi ṣe alága ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó orí ní 2023, láti inú iṣẹ́ wọn sì ni àwọn òfin mẹ́rin tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2025 ti jáde; èyí tó dá lórí owó orí fúnra rẹ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026. Àbádòfin àkọ́kọ́ fẹ́ kí owó orí ọjà tí a mọ̀ sí VAT kúrò ní ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó sì dé 15 ní 2030; àwọn gómìnà kọ̀, ó sì dúró síbi tó wà. Ẹni tí owó tí a bu owó orí lé kò bá ju ₦800,000 lọ lọ́dún kò ní san nǹkan kan, òfin sì yọ ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò. Ìwọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n ohun tó kan Àkókó jù ni pípín VAT. Tẹ́lẹ̀, ibi tí olú-iléeṣẹ́ wà ni wọ́n sábà máa ń ka owó náà sí, tó fi jẹ́ pé ọṣẹ tí wọ́n rà ní Ìkàrẹ́ lè di èrè Èkó. Ní báyìí, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín àwọn ìpínlẹ̀ yóò tẹ̀lé ibi tí wọ́n ti lo ọjà náà. Kí èyí tó lè ṣiṣẹ́, àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n ti rà á, púpọ̀ nínú káràkátà wa kò sì ní rìsíìtì.

Níbòmíràn náà, ìjiyàn yìí kò rọrùn. Ní Kẹ́ńyà, àwọn ọ̀dọ́ ya wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà 2024, Ààrẹ William Ruto sì kọ̀ láti buwọ́ lu àbádòfin owó orí ní ọjọ́ kejì. Díẹ̀ nínú owó orí náà tún yọ́ wọlé kí ọdún tó parí. Gánà fi owó orí lé owó tí wọ́n ń fi fóònù ránṣẹ́ ní 2022, wọ́n sì fagi lé e ní 2025. Ní Ìlú Ọba, láti 2010, ìdínkù ìnáwó ni ìjọba gbára lé jù lọ, síbẹ̀ VAT gòkè láti 17.5 sí 20 ní 2011, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sì ti ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé pa.

Nílé níbí, ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, láìgba ọwọ́ gómìnà kọjá. Bí ìdájọ́ náà bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, Òkè-Àgbè, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tí Àjọwá wà lábẹ́ rẹ̀, ni a ti lè kọ́kọ́ ṣe ìṣirò tí Àbújá kò ṣe: kí wọ́n kọ ohun tí wọn kò ní ná lọ́dún kan sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ iye tí àwọn ìlú dá láti fi ṣe é dípò wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ti ní ìwé tiwọn lọ́wọ́. Ti ìjọba ìbílẹ̀ ló kù.