Mílíìkì inú agolo: Ta ló yẹ kó máa gba ìyá ọmọ nímọ̀ràn?

Lọ́dún 1939, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Cicely Williams dìde sọ̀rọ̀ níwájú ẹgbẹ́ Rotary nílùú Singapore. Àkọlé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni "Mílíìkì àti Ìpànìyàn". Ohun tó ń bí i nínú ni pé àwọn oníṣòwò ń polówó mílíìkì oníṣúgà inú agolo fáwọn ìyá gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ìkókó, àwọn ọmọ tó ń mu ún sì ń kú.

Dókítà yìí kì í ṣe àjèjì sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Gold Coast, tó di Ghana lónìí, ló ti ṣiṣẹ́ kó tó lọ sí Éṣíà. Níbẹ̀ ló ti kọ̀wé nípa àìsàn tí àwọn Gã ń pè ní kwashiorkor, èyí tó máa ń mú ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò rẹ̀, tí kò sì rí oúnjẹ aṣaralóore jẹ. Orúkọ tí àwọn Gã fún àìsàn náà ni gbogbo ayé ń lò títí di òní.

Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí Williams ti sọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ìbéèrè inú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀: ta ló yẹ kó máa gba ìyá ọmọ nímọ̀ràn? Ṣé ẹni tó fẹ́ kí ọmọ yè ni, àbí ẹni tó fẹ́ kí ọjà tà?

Bí ọ̀fẹ́ ṣe ń di gbèsè

Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1970, àwọn ilé iṣẹ́ kan ti ń wọ aṣọ nọ́ọ̀sì fáwọn obìnrin tó ń bá wọn tajà. Wọ́n á wọ ilé ìwòsàn àti ilé àwọn ọlọ́mọ tuntun, wọ́n á sì fún ìyá ní agolo kan lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ọmọ bá ṣe ń fa ọmú sí ni ara ìyá ṣe ń pèsè òmíràn. Ọmọ tó bá ti yó fún mílíìkì agolo kò ní fa ọmú dáadáa mọ́, omi ọmú á sì máa dín kù. Kí agolo ọ̀fẹ́ tó tán, ọmú lè ti ń gbẹ. Ó wá di dandan kí ìyá lọ ra òmíràn. Bí owó ò bá tó, á bu omi pọ̀ sí i kí mílíìkì lè pẹ́, ebi á sì máa pa ọmọ náà. Bí omi ọ̀hún ò bá tún mọ́, ìgbẹ́ gbuuru dé nìyẹn.

Lọ́dún 1977, àwọn èèyàn kan ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjà ilé iṣẹ́ Nestlé sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1981, ìpàdé àpérò àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí ìlànà kan lórí títa oúnjẹ tó ń rọ́pò ọmú. Orílẹ̀-èdè 118 gbà á wọlé. Amẹ́ríkà nìkan ló dìbò lòdì sí i.

Ìlànà náà kò ní kí ẹnikẹ́ni má ta mílíìkì ọmọdé. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n má ṣe polówó rẹ̀ fún aráàlú, kí wọ́n má fún ìyá ní ọ̀fẹ́, kí wọ́n má sì fi ẹ̀bùn fa ojú òṣìṣẹ́ ìlera mọ́ra. Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún 1990, àjọ NAFDAC ló sì ń mójú tó o. Ghana ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2000.

Ọjà ti bọ́ sórí fóònù

Lọ́dún 2022, WHO àti UNICEF gbé àbọ̀ ìwádìí jáde. Wọ́n bá òbí àti aláboyún 8,500 sọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, Nàìjíríà wà lára wọn. Ó lé ní ìdajì wọn tó ní ìpolówó mílíìkì ọmọdé ti dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ó sì lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn obìnrin náà tó ní òṣìṣẹ́ ìlera ti dárúkọ mílíìkì kan pàtó fáwọn.

Ìwádìí kejì tí WHO gbé jáde lọ́dún yẹn fi hàn pé àwọn ilé iṣẹ́ ń ra ìsọfúnni nípa àwọn aláboyún, wọ́n ń sanwó fáwọn gbajúmọ̀ orí ayélujára, wọ́n sì ń dá ẹgbẹ́ ìyá ọlọ́mọ sílẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin tó bá kọ ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ sínú ápù lè ti sọ fún ontajà ìgbà tó yẹ kó wá kanlẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì ayédèrú ti bọ́ aṣọ funfun sílẹ̀. Ó ti di ọ̀rẹ́ inú fóònù tí kò ń sùn.

Ohun tí ọ̀rẹ́ yìí ń tà jùlọ ni iyèméjì. Gbogbo ìkókó ló ń sunkún, gbogbo wọn ló ń jí lóru. Ìpolówó á sọ èyí di àmì pé nǹkan ń ṣe ọmọ, tàbí pé ọmú ìyá rẹ̀ kò tó, lẹ́yìn náà lá wá gbé agolo síwájú ìyá tí oorun ń kùn.

Kí ló dé tí ìyá fi ń gbọ́?

Ẹni tó yẹ kó dá a lóhùn lóru yẹn kò sí nílé mọ́. Àwọn Hausa ní wankan jego, àwọn Igbo ní omugwo, nílẹ̀ Yorùbá náà, ìyá àgbà ló ń wá wẹ ọmọ. Kì í ṣe omi gbígbóná nìkan ni ìyá àgbà ń gbé wá. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ ìdánilójú wá pẹ̀lú. Lónìí, tọkọtaya wà nínú yàrá kan l'Ábújá tàbí Accra, ìyá àgbà wà lókèèrè, òun náà sì ń ṣòwò.

Òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà fún abiyamọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 16. WHO sì ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà. Ìṣirò yẹn kò lè bára mu. Abájọ tó fi jẹ́ pé nínú ìwádìí ìjọba lọ́dún 2018, ọmọ 29 péré nínú ọgọ́rùn-ún tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọmú nìkan.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ìyá tó ra agolo lẹ́bi. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú nílé ìgbẹ̀bí àti ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ nílò mílíìkì yìí láti yè. Ó yẹ kí wọ́n rí ojúlówó rà, kí dókítà tí kò gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pò ó.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú ọjà tuntun yìí, àgbà ni nọ́ọ̀sì tó kọ ẹ̀bùn ontajà. Àgbà ni ọ̀gá tó fi àyè sílẹ̀ fún ìyá láti fún ọmọ lọ́mú níbi iṣẹ́. Àgbà ni NAFDAC tó bá lo òfin tó ní lọ́wọ́. Àgbà sì ni bàbá tó dìde láago méjì òru, tó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tó sì sọ fún un pé kó fi fóònù sílẹ̀, kó sùn.