Ẹjọ́ Ọ̀pọ̀tọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo wá gba ẹjọ́ ọ̀pọ̀tọ́ rò. Etídò ni igi yìí fẹ́ràn, láti Cape Verde títí dé Gúúsù Áfíríkà. Ó pẹ́ tí a ti ń fi í bú ẹlẹ́tàn: ó pọ́n lóde, kòkòrò kún inú rẹ̀. Èmi pàápàá kọ́ni bẹ́ẹ̀ rí. Àṣìṣe ni. Inú èso yẹn gan-an ni àwọn òdòdó rẹ̀ fara pamọ́ sí. Abo agbọ́n tín-ín-rín kan ní í gba ihò ẹnu èso wọlé. Ìyẹ́ rẹ̀ a já lẹ́nu ọ̀nà. A yé ẹyin, a fi lẹ́búlẹ́bú tí ó gbé wá kan àwọn òdòdó, a sì kú síbẹ̀. Láìsí i, èso a rẹ̀ dànù láìgbó, àdán a sì pàdánù oúnjẹ. Mo ti pa àpèjúwe náà rẹ́ nínú ìwé ìkọ́ni mi.