Àgbádárìgì Lórí Tábìlì Eré: Iṣẹ́ Tó Wà Nídìí Máàpù àti Àwòrán

Ní ọdún 1827, àwọn Pọtogí tó ń ra ẹrú ní Àgbádárìgì fẹ̀sùn amí kan Richard Lander, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀gá rẹ̀, Hugh Clapperton, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nítòsí Sókótó. Wọ́n gbé omi èpo igi olóró fún un. Bí ó bá kú, ó jẹ̀bi. Bí ó bá yè é, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Lander gbé e mu lójú gbogbo èèyàn, ó yára padà sí ibi tó wọ̀ sí, ó bì í jáde, ó sì yè.

Ìran bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń pèsè ìtàn fún eré orí tábìlì ń wá kiri. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé irú eré yìí dé ojú ayé ní Amẹ́ríkà ní 1974, nígbà tí Dungeons & Dragons jáde. Adarí kan ń sọ ibi tí nǹkan dé, òṣèré kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tí ẹni tirẹ̀ ṣe, dáìsì ń pinnu bóyá ó bọ́ sí i. Kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938: Àkàrà-ògùn àti àwọn akọni tó bá a lọ sí Òkè Lángbòdó, Kàkó fún ìjà, Olóhùn-iyọ̀ fún orin, Ìmọ̀dòye fún ọgbọ́n. Láti ìgbà tí Roll20, ètò tí wọ́n fi ń ṣe irú eré yìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti dé ní 2012, tí Foundry sì tẹ̀ lé e ní 2020, ẹni tó wà ní Àjárá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lè jọ máa wo máàpù kan náà lójú ẹ̀rọ. Ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya máàpù náà.

Ọdún ni ohun àkọ́kọ́ tí ayàwòrán gbọ́dọ̀ mú. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nárì tó wà ní Marina ni gbogbo àlejò máa ń yà fọ́tò rẹ̀, ó sì máa ń wọ inú àwòrán fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n 1845 ni wọ́n kọ́ ọ parí. Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Lander mu májèlé. Ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà náà ni Adélé, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí oyè, tó ń gbé Àgbádárìgì, tó ṣì ń wojú Èkó. Òun gan-an tó ìtàn eré kan.

Ibi tí iṣẹ́ ti le jù ni ilé ẹrú Sẹ́ríkí Williams Àbáàsì, tí ìtàn ìlú sọ pé wọ́n kọ́ ní 1840 pẹ̀lú yàrá 40. Lórí Roll20, máàpù pín sí àpótí kéékèèké: àpótí kan jẹ́ píksẹ̀lì 70 bí wọn kò bá yí i padà, ó dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 5, èèyàn kan ló sì ń gbà. Ká ní ayàwòrán fún yàrá kan ní ẹsẹ̀ bàtà 10 lóòró àti níbùú, àpótí 4 nìyẹn: èèyàn 4. Àwọn tó ń mú àlejò yíká ilé náà sọ pé èèyàn 40 ni wọ́n ń há mọ́ yàrá kan. Tábìlì eré kò gbà á. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán á fẹ́ fẹ yàrá náà kí eré lè rọrùn, tàbí kí wọ́n dín àwọn èèyàn kù. Méjèèjì ni irọ́. Kí wọ́n to èèyàn 40 náà lé ara wọn lórí bí wọ́n ṣe wà, kí ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn rí i.

Àwọn tí wọ́n há mọ́ ibẹ̀ kì í ṣe ẹrù tí akọni á wá gbà sílẹ̀ kó fi gba owó. Julia Bond Ellingboe ti fi hàn nínú eré Steal Away Jordan, tó jáde ní 2007, pé òṣèré lè jẹ́ ẹrú fúnra rẹ̀, kó máa gbèrò bí yóò ṣe bọ́. Kí kálukú nínú yàrá náà ní ojú tirẹ̀, orúkọ tirẹ̀, ìlú tí wọ́n ti mú un. Àbáàsì náà kò ṣeé yà bí ìkà lásán: ìtàn sọ pé Ìjógà Òrílé ni wọ́n bí i sí, pé àwọn ará Dàhómì ló jí i gbé ní kékeré, ó dé Bràsílì kó tó padà wá di oníṣòwò ẹrú. Ó kú ní 1919.

Zangbeto ńkọ́? Àwọn ayàwòrán tí kò mọ àwọn Ègùn máa ń kó o mọ́ àwọn iwin tí akọni á pa. Ọlọ́dẹ òru ìlú ni. Olè ló yẹ kó sá fún un. Kí ó máa yí lójú títì lóru pẹ̀lú ràfíà rẹ̀, kí ayàwòrán má sì ya ohunkóhun sí abẹ́ rẹ̀.

Fún ọ̀nà Gberefu, tí wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà lọ sí etí òkun, ẹ̀dà méjì ni wọ́n ń ṣe fún máàpù ọ̀sà, ebúté, yanrìn gígùn títí dé òkun: ọ̀kan fún adarí, ọ̀kan fún àwọn òṣèré. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà tí wọ́n ní omi rẹ̀ ń mú ẹrú gbàgbé ilé. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà lára àwòrán, kò sí òṣèré tó máa mu ún. Ẹ̀dà adarí nìkan ló ń ní orúkọ. Ti òṣèré kò ní ju kànga lásán lọ. Kí wọ́n sì fi máàpù náà pamọ́ bíi WebP, tí Google gbé jáde ní 2010, dípò PNG, nítorí dátà fóònù ni ọ̀pọ̀ òṣèré ń lò létí òkun yìí, àwòrán tó bá wúwo kò ní tíì ṣí títí tí ọkọ̀ á fi dé òdì kejì ọ̀sà.