Owó Ìlú, Òógùn Àdúgbò

Ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí.

Ní 1988, ìjọba ìlú náà dá owó ìrànwọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn àdúgbò. Ẹnì kan kò lè dá a gbà. Àfi kí àwọn aládùúgbò kóra jọ, kí wọ́n mú èrò wá: pápá ìṣeré ọmọdé, ọgbà ẹ̀fọ́ tí gbogbo wọn jọ ń dá, àwòrán ara ògiri. Bí ìjọba bá gbé owó tirẹ̀ kalẹ̀, àdúgbò náà gbọ́dọ̀ mú tiwọn wá.

Ibí ló wù mí jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí i: kò pọn dandan kí tiwọn jẹ́ owó. Wákàtí tí èèyàn fi gbẹ́ ilẹ̀ tàbí tó fi kun ọ̀dà, owó ni wọ́n kà á sí. Pákó àti símẹ́ǹtì tí ẹnìkan fi tọrẹ náà wọ ìṣírò. Àdúgbò tálákà tí kò ní owó nílẹ̀, ṣùgbọ́n tó ní èèyàn, ń rí ti ara rẹ̀ san. Àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, lè di ọkọ́ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ onílẹ̀. Mo gbà pé ohun tó ń sọ wọ́n di ará kan nìyẹn, ju owó náà lọ.

Owó yìí wà lára ohun tí wọ́n fi mọ ère òmìrán tó wà lábẹ́ afárá ní àdúgbò Fremont ní 1990. Àwọn ará ìlú ló dìbò yan iṣẹ́ náà, àwọn àlejò sì ń wá wò ó títí di òní.