Ọ̀nà Ìbàdàn sí Adó: Ìpadàbọ̀ Ọmọ tí Ogun Kó Lọ

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ogun Kírìjì. Ìbọn àti balógun ti ní òpìtàn púpọ̀. Nítorí náà, ọ̀nà tí a fi kó àwọn ọmọ wa lọ sí Ìbàdàn ni n óò sọ̀rọ̀ lé lórí, àti bí àwọn kan ti ṣe gba ọ̀nà náà padà.

Ẹ kò ní gbàgbé pé kí ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti ń kó ènìyàn ní Èkìtì, tí àwọn ajẹ́lẹ̀ wọn sì jókòó sí ìlú wa. Ọjọ́ 23 oṣù September ọdún 1886 ni a tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni ibùdó ogun tó tú ká. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì tí ó wà ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ wá sílé. Ara àwọn tí ó padà bẹ́ẹ̀ ni Babamúbọ̀ni, ọmọ Adó, ẹni tí ó mú ìgbàgbọ́ Kristi bọ̀ láti oko ẹrú. Irú rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ọdún 1821 ni a kó Àjàyí Crowther ní Òṣoogùn. Oṣù August ọdún 1846 ni òun àti Àfàlá ìyá rẹ̀ tó fi ojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Òun tìkára rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kò lè jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó padà. Bàbá bàbá bàbá mi ní àbúrò obìnrin kan tí a kó lọ nígbà tí kò tíì dàgbà ju ẹni tí ń bá ìyá rẹ̀ pọn omi lọ. Nígbà tí ọ̀nà là, ó ti bímọ ní Ìbàdàn. Bí yóò bá padà, yóò fi ọmọ sílẹ̀ fún bàbá wọn. Nítorí náà ó jókòó ti ọmọ. Ní Adó, bàbá mi àgbà a máa pe oríkì rẹ̀ mọ́ ti àwọn alààyè ní ọdọọdún, nítorí kò sí ẹni tí ó rí òkú rẹ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti Ìbàdàn wá ṣe iṣẹ́ agùnbánirọ̀ ní Adó. Ó gbọ́ tí obìnrin kan ní Ọjà Ọba wí pé òun ń lọ sí “ulé”, ó sì dúró. Ẹ mọ̀ pé ará Ìbàdàn kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ. “Ilé” ni tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá bàbá rẹ̀ a sì máa wí pé “ulé”. Àwọn ọmọ ilé ti rò pé àṣìsọ ni, wọ́n a máa fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìyá-ìyá rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ní kékeré, pẹ̀lú oríkì ilé kan tí kò mọ ibi tí ó wà. Ọmọ náà ka oríkì yìí fún onílé rẹ̀. Bàbá náà dá a mọ̀, ó sì ránṣẹ́ sí wa.

Èmi ni ẹbí rán láti lọ mú ìyá náà wá. Ó ti lé ní ẹni 80 ọdún. A kúrò ní Ìbàdàn ní kùtùkùtù, a gba Ifẹ̀ àti Iléṣà kọjá, a sì yà ní Ìwàràjà sí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. Títí dé Iléṣà ni ó ń sọ̀rọ̀, tí ó ń rẹ́rìn-ín. Bí ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ó dákẹ́. Ó wá bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé òkè yìí ni wọ́n fi ẹsẹ̀ mú un sọ̀kalẹ̀?” Mo ní, “Ìyá, èyí tàbí òmíràn bí rẹ̀ ni.” Láti ibẹ̀ dé Aramọkọ, dé Ìgèdè, dé Ìyìn, kò tún sọ ohunkóhun.

N kò ní fi òtítọ́ pamọ́ fún yín. Kí a tó dé, ìjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹbí. Oko kan wà tí a ń pè ní oko ẹni tí a kó lọ yìí títí di òní, ẹlòmíràn ni ó sì ń dá a. Àwọn kan ní ilẹ̀ ni àwọn ará Ìbàdàn ń bọ̀ wá gbà. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán, nítorí ilẹ̀ ti wọ́n ní Adó. Síbẹ̀, lójú tèmi, àbùkù ni kí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a ó bi ọmọ tí ogun kó lọ jẹ́ pé kí ni ó wá gbà. Ẹ̀yin olóyè, ọ̀dọ̀ yín ni irú ẹjọ́ báyìí ń bọ̀. N kò tíì rí àgbà tí ó fi hàn mí nínú àṣà wa pé ìkólẹ́rú a máa gé ọmọ kúrò nínú ogún bàbá rẹ̀.

Olórí ẹbí dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó da omi tútù sílẹ̀, ó sì ki ìyá náà ní oríkì tí ó ti mọ̀ láti kékeré. Òun náà gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó sì kì í parí. Àwọn tí ó ti ń kùn tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Mo rí i tí ọ̀kan nínú wọn wọlé lọ gbé àga wá.

Ó sùn lọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ mẹ́rin. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ oko. Ohun kan ṣoṣo tí ó bẹ̀ wá ni pé kí a kọ orúkọ àwọn ọmọ tí ìyá-ìyá òun bí ní Ìbàdàn sínú ìwé ẹbí, a sì kọ wọ́n lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oko náà ṣì wà níwájú olórí ẹbí. A ó pàdé lórí rẹ̀ ní oṣù tí ń bọ̀.